Ilẹ̀ Ọjà Ní Ẹnu: Ọdún Mẹ́rìndínlógójì Tí Mo Fi Mú Ọmọ Ajá Mọ Ayé

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹnikẹ́ni kò rò ó fún mi, n kò gbọ́ ọ lórí rédíò, n kò sì kà á nínú ìwé, torí ọdún mẹ́ta péré ni mo fi jókòó ní ilé ìwé kí n tó dìde kúrò níbẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló bá mi fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, tèmi ni.

Èmi ni Ìṣọ̀lá Alájá. Bí ẹ bá wọ Kétu, ẹ bi zémíjàn èyíkéyìí tó bá fi ọ̀kadà gbé yín, yóò gbé yín dé ẹnu ọ̀nà mi láìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì. Láti Òdòmẹ̀ta dé Ìdìgní, títí dé Adakplamè lọ́hùn-ún, kò sí abúlé tí ẹ ó dé tí ẹ kò ní bá ajá tó kọjá lọ́wọ́ mi. Ajá mi kì í bu ọmọdé jẹ. Ajá mi kì í gbọ́ ìró ìbọn kó sá wọ abẹ́ ibùsùn. Bí ẹnìkan bá wà tó mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ ní gbogbo orí ilẹ̀ wa, a kò tí ì bí i sí ìlú tí mo mọ̀. Kì í ṣe ìgbéraga ni mo fi ń sọ ọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ìgbéraga, mo ti sanwó rẹ̀, ẹ ó gbọ́ bí mo ṣe san án.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ronú iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí iṣẹ́ wa jẹ́. Àwọn ènìyàn rò pé à ń kọ́ ajá bí yóò ṣe lé ẹran. Rárá o. Ajá ti mọ ìyẹn láti inú ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni kí ọmọ ajá mọ ayé kí ayé tó dẹ́rù bà á. Kí ó mọ̀ pé agbòòrùn kì í ṣe ẹyẹ ńlá tó fẹ́ gbé e. Kí ó mọ̀ pé obìnrin tó ru igi lórí, ènìyàn ni. Kí ó mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo kàn ń pariwo lásán ni, kò ní eyín. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé ọkàn ọmọ ajá dà bí amọ̀ tútù: ohun tí o bá fi ìka tẹ̀ sára rẹ̀ kí oṣù kẹta tó pé, òun ni yóò wà níbẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà, amọ̀ ti gbẹ. Bí o bá fẹ́ tún un ṣe, àfi kí o lọ̀ ọ́.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi kò gùn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí. Bàbá mi mú obì àti ìgò ọtí sódábì kan, ó mú mi tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ Bàbá Ọdẹ́lékè, ó gbà. Owó iṣẹ́ náà kò pọ̀ jù, kò sì fi ebi pa mí. Ó tán.

Bàbá Ọdẹ́lékè yìí, ọdẹ ni tẹ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ kan tó ṣú. Ó kúrú, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín bí kò bá rí ọmọ ajá. Bí ó bá sì rí ọmọ ajá, ẹ̀rín rẹ̀ a máa ti èmi lójú. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo lò ní ilé rẹ̀, ọwọ́ mi kò kan ọmọ ajá kankan. Ìgbẹ́ ni mo ń kó, ilẹ̀ ni mo ń fọ pẹ̀lú ọṣẹ dúdú àti eérú, mo sì ń jókòó ti abo ajá rẹ̀ tó ń jẹ́ Tanímọ̀la títí yóò fi sùn lé mi lẹ́sẹ̀. Mo kùn sí i nígbà kan. Ó ní, "Ìyá wọn kò tí ì fọkàn tán ọ, o wá fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀. Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé ọmọ ọlọ́mọ ní ilé yín?"

Ohun tí ẹ ó rí ní ilé rẹ̀ tí ẹ kò ní rí níbòmíràn ni okùn. Ọmọ ajá kọ̀ọ̀kan ní okùn tirẹ̀ lára òpó ẹnu ọ̀nà. Ohun tuntun kọ̀ọ̀kan tí ọmọ ajá bá rí, tó gbóòórùn, tí ìrù rẹ̀ kò sì wọ aárín itan, a ó ta kókó kan fún un. Ewúrẹ́, kókó kan. Afọ́jú tó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà, kókó kan. Odó àti ọmọ odó, kókó kan. Bí kókó bá pé ogójì kí ọmọ ajá tó pé oṣù mẹ́rin, ọjọ́ náà ni Bàbá yóò sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ ajá tí okùn rẹ̀ kò pé kò ní orúkọ. Bàbá ní a kì í pe ẹni tí kò tí ì dé.

Èmi tí mo yára lọ́wọ́, mo ta kókó fún ọmọ ajá kan pé ó ti rí ẹ̀rọ ìlọgbàdo. Lóòótọ́ ó rí i, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n ní gbogbo àkókò náà, mo kàn fẹ́ kí okùn tèmi yára pé ni. Bàbá wo okùn náà, ó gbé ọmọ ajá náà lọ sí ìdí ẹ̀rọ. Ọmọ ajá náà tọ̀ sí i lára. Nígbà tí wọ́n dé, ó tú gbogbo kókó okùn náà lójú mi, mẹ́tàdínlógún, ó rọra ń tú wọn bí ẹni ń tú irun ọmọ. Ó ní, "Ìwọ lo ta èyí. Kì í ṣe ajá."

Òfin rẹ̀ kan tún wà tó le ju gbogbo rẹ̀ lọ. A gbọ́dọ̀ gbé ọmọ ajá lọ sọ́jà láti ìgbà tó bá ti ń jẹun fúnra rẹ̀, torí ọjà ni ayé pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n inú agbọ̀n ni yóò wà. Kí ó wò, kí ó gbọ́, kí ènìyàn fọwọ́ kàn án bí ọwọ́ náà bá mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ ọjà títí oṣù mẹ́rin yóò fi pé. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, "Ilẹ̀ ọjà ní ẹnu." Mo bi í pé ẹnu báwo. Ó ní bàbá òun kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún òun, òun náà kò sì ní àfikún fún mi.

Ọdún kẹrin mi, Tanímọ̀la bí mẹ́fà. Ó ti ń darúgbó, gbogbo wa mọ̀ pé ọmọ ìkẹyìn nìyẹn. Ìran ajá yẹn, bàbá bàbá Bàbá Ọdẹ́lékè ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹ̀yà rẹ̀ mọ́ níbòmíràn. Wọ́n ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án nígbà tí Bàbá lọ sìnkú ní Pọbẹ̀. Ó fi gbogbo wọn lé mi lọ́wọ́. Mo gbé wọn sínú agbọ̀n, mo rù wọ́n lọ sọ́jà Ìdìgní, orí wọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yọ létí agbọ̀n bí iṣu tó fẹ́ hù.

Àwọn zémíjàn tó wà lábẹ́ igi bẹ̀rẹ̀ sí fi mí ṣẹ̀sín. Ọ̀kan ní ṣé adìyẹ ni mo ń tà. Èkejì ní ajá tí kò lẹ́sẹ̀ ni, kí wọ́n ṣàánú mi. Ẹ kò mọ bí ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ṣe ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sọ agbọ̀n kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn alápatà ń da omi ẹran sí, mo gbé àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀, mo súfèé, mo ń lọ. Wọ́n tò tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Gbogbo ọjà pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Mo yí wọn ká igi náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń fi imú tú ilẹ̀ bí wọ́n ti ń bọ̀. Ẹni tó gbọ́ ìyìn lọ́jọ́ náà kò rò pé ilẹ̀ lè ní ẹnu.

Ọjọ́ karùn-ún, ọ̀kan kọ oúnjẹ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ń bì. Ní òwúrọ̀, mẹ́ta ló ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, òórùn rẹ̀ kò kúrò ní imú mi dòní. Bàbá dé lọ́jọ́ náà gan-an. Ó wo àwọn ọmọ ajá, ó wo agbọ̀n, ó gbé ọ̀kan sókè, ó wo ẹrẹ̀ tó gbẹ sí àárín èékánná rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bísí, po omi pẹ̀lú iyọ̀ àti ṣúgà, ó ń fi ṣíbí kán an sí wọn lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán tòru. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà, márùn-ún kú. Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀ fún wọn. Èyí tó kéré jù nínú wọn, abo, ló yè.

Láti ọjọ́ náà Bàbá kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Oṣù méje. Bí a bá jókòó jẹun pọ̀, yóò sọ fún Ìyá Bísí pé, "Sọ fún ẹni yẹn kó sún omi mọ́ mi," omi sì rèé níwájú mi. Ìyá Bísí a ní, "Ẹni yẹn, o gbọ́." Èmi a sún omi.

Ọmọ ajá tó kù yìí, èmi ni mo mú un. Mo búra pé ohunkóhun kò ní ṣe é. Mo tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn, mo ń fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ mi kí n tó wọlé bá a, n kò jẹ́ kí àlejò rí i, n kò jẹ́ kí ewúrẹ́ kọjá níbẹ̀. Orí rẹ̀ ló máa ń fi ti orúnkún mi sùn. Okùn rẹ̀ wà lára òpó pẹ̀lú kókó mọ́kànlá, n kò ta òmíràn. Oṣù kẹta kọjá, ìkẹrin kọjá, ó di oṣù mẹ́sàn-án, amọ̀ ti gbẹ, n kò mọ̀.

Aránṣọ kan wà ní àdúgbò wa, Ìyá Fátì, ọ̀rẹ́ Ìyá Bísí. Ó wá kí wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbàgbé láti fi ìkọ́ sí ilẹ̀kùn yàrá. Ajá náà jáde. Ìyá Fátì bẹ̀rẹ̀, ó nawọ́ sí i lórí, ìbòrí rẹ̀ sì yọ̀ wálẹ̀ níwájú ajá. Ajá tí kò tíì rí ìbòrí rí láyé rẹ̀. Ó bù ú jẹ lọ́wọ́, eyín wọlé dáadáa.

Wọ́n gbé Ìyá Fátì lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ nítorí dìgbòlugi. Dókítà ẹran ní kí a so ajá mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí a máa wò ó. Dìgbòlugi kò sí lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n olórí àdúgbò pè wá. Ó ní gbogbo wa mọ ohun tí àwọn àgbà ń ṣe: ajá tó bá ti bu ènìyàn jẹ, àwọn alágbẹ̀dẹ ló ni ín, wọn yóò mú un fún Ògún nígbà ọdún iṣu tuntun. Bàbá dọ̀bálẹ̀, ọkùnrin tó tó bí olórí àdúgbò lọ́mọ. N kò lè wò ó. Olórí àdúgbò ní kí ó dìde. Ó ní nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, òun fún wa títí di ọjà Kétu tó bá kángun sí ọdún náà. Kí ajá náà gba àárín ọjà kọjá, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí àwọn alápatà. Bí ètè rẹ̀ bá ká sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ parí. Oṣù mẹ́rin ló kù.

Nígbà tí a dé ilé, Bàbá yíjú sí mi fúnra rẹ̀.

"Márùn-ún, o gbé wọn sílẹ̀, wọ́n kú. Èyí, o kò gbé e sílẹ̀, ó ń kú lọ." Ó jókòó. "Ìṣọ̀lá, mú okùn yẹn wá."

Bí ó ṣe pe orúkọ mi yẹn, mo sunkún. N kò tijú láti kọ ọ́.

Ẹ fetí sí ibi yìí, torí ibi tí mo ti di ọ̀gá nìyí. A kò mú un lọ sọ́jà. A mú un lọ sí ìdí igi kan tí a ti ń rí ọ̀nà ọjà lókèèrè, ibi tí ènìyàn kéré bí àtàǹpàkò. Bí ẹnìkan bá kọjá, mo fún un ní ẹja gbígbẹ díẹ̀. Bí ó bá yán láìsí oorun, bí ó bá ń lá ètè láìsí oúnjẹ, bí ìrù bá ti ń sọ̀kalẹ̀, ẹ̀rù ti ń mú un nìyẹn, a ó padà sẹ́yìn. Mo ní ká sún mọ́ iwájú díẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bàbá ní, "Kì í ṣe ìwọ lo máa sọ pé ó tó. Ìrù rẹ̀ ni." Ọjọ́ mọ́kàndínlógún la lò ní ìdí igi kan náà. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwa dúró ní òkèèrè náà títí ó fi sú wa.

Ẹni tó ràn wá lọ́wọ́ jù, ẹ kò ní gbà á gbọ́, Ìyá Fátì ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò tí ì san tán tó fi wá. Ó gbé àga rẹ̀ sí àgbàlá, ó kọ ẹ̀yìn sí ajá, ó ń rán aṣọ, kò wò ó lójú. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yóò ju àkàrà gígé sẹ́yìn bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ajá jẹ mí, èmi náà ló tún ń bọ́ ọ. Ọkọ mi gan-an kò rí irú èyí gbà rí." Ojoojúmọ́ ló ń wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ajá náà wá dùbúlẹ̀ lẹ́yìn àga rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo rí i tó gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé etí ìbòrí Ìyá Fátì nílẹ̀, ó sùn. Ìyá Fátì kò mira. Ó fi ẹsẹ̀ kan dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí ẹsẹ̀ náà fi kú, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe jí i. Bàbá ta kókó kan.

Ọjọ́ ọjà náà pé. Okùn ti ní kókó mọ́kàndínlógójì. Mo mú ajá lọ́wọ́, kò fà, èmi náà kò fà á. Olórí àdúgbò ń bọ̀ lẹ́yìn wa, àwọn alágbẹ̀dẹ méjì sì dúró ní ìdí àwọn alápatà. A kọjá àwọn alágbàdo, a kọjá àwọn aláṣọ, ìrù rẹ̀ wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta abọ́, alábàárù kan kọ lu àtẹ, abọ́ irin bí ogún dà wálẹ̀ níwájú wa gan-an. Èmi fúnra mi fò. Ajá náà fò sẹ́yìn, ó wọ aárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ó gbọ̀n, ó gbójú sókè, ó ń wò mí. Ètè rẹ̀ kò ká. N kò fà á, n kò bá a sọ̀rọ̀. Mo dúró. Abọ́ tó kẹ́yìn yí títí, ó dákẹ́. Ìrù rẹ̀ sún kúrò ní aárín itan, díẹ̀, díẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ iwájú kan síta, ó lọ gbóòórùn abọ́ náà.

Olórí àdúgbò wo àwọn alágbẹ̀dẹ, ó ní, "Ẹ máa lọ sílé."

Ní ẹnu ọ̀nà wa, Bàbá ta kókó tó mú un pé ogójì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mẹ́rin ti kọjá tipẹ́, ó fi ẹnu súnmọ́ etí ajá, ó pè é ní Ṣẹ́kù. Ṣẹ́kù bí ọmọ ní ìgbà mẹ́rin. Gbogbo ajá tí mo fi ń yangàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti wá.

Irinṣẹ́ yí padà lẹ́yìn náà. Dókítà ẹran bẹ̀rẹ̀ sí wá pẹ̀lú àpótí oníyìnyín lẹ́yìn ọ̀kadà, abẹ́rẹ́ àjẹsára wà nínú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ṣàlàyé pé àìsàn tó pa àwọn márùn-ún wa, inú ìgbẹ́ ajá ló ń gbé, ó lè wà nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ojú kò lè rí i. Ó ní kí a fún ọmọ ajá lábẹ́rẹ́ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí a tún un ṣe bí òun bá ṣe kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tí wọ́n ń pè ní kánẹ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ilẹ̀ àjèjì títí ti ìkẹyìn yóò fi mú. Ṣùgbọ́n ó ní ká má tì í mọ́lé ní gbogbo àkókò náà o, ká máa gbé e jáde lọ́wọ́. Bàbá ti fọ́jú tán nígbà náà. Ó gbọ́ ọ parí, ó ní, "Ẹnu ilẹ̀ ló ń sọ yẹn." Láti ọjọ́ náà, mo ń so kánẹ́ mọ́ okùn lára òpó. Agbọ̀n di àpótí lẹ́yìn ọ̀kadà. Ìró ìbọn àti àrá, inú tẹlifóònù ni mo ti ń gbé e sí wọn létí, kékeré ná, kí n tó máa gbé ohùn rẹ̀ sókè. Àwọn ọdẹ ti dín kù. Àwọn tíṣà àti àwọn nọ́ọ̀sì ló ń wá gba ajá tí yóò ṣọ́lé tí kò sì ní bu ọmọ wọn jẹ. Iṣẹ́ kan náà ni.

Ọ̀kadà gbé mi ṣubú ní ọ̀nà Adakplamè ní ọdún tó kọjá, orúnkún mi kò tẹ̀ dáadáa mọ́. Ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí ilẹ̀ ni ọmọ ajá wà. Mo fi okùn lé ọmọ mi obìnrin lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ tó máa mú kí ayé pàtẹ́wọ́ fún yín kíákíá, ẹ má wá síbí. Èmi ti gba àtẹ́wọ́ náà lọ́jà Ìdìgní.

Ohun tó sọnù nìyí, mo kà á dáadáa. Orúnkún ọ̀tún kan. Oṣù méje tí ọ̀gá mi kò fi pe orúkọ mi. Tanímọ̀la. Bàbá Ọdẹ́lékè. Ìyá Fátì. Ṣẹ́kù, ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Okùn márùn-ún tó ṣì wà lára òpó: kókó mẹ́jọ, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́fà, mọ́kànlá. Ọmọ ajá márùn-ún, wọn kò ní orúkọ.